Omi lásán náà ń yọ bẹ́ńdì nínú jẹ́ẹ̀lì mi, ṣé kí n gé e kúrò nínú fọ́tò ni?

ọmọ_ìjẹ̀bú_igbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe molecular biology rí, tàbí tẹ́ ẹ ṣì wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn torí orí mi ti fẹ́ dàrú.

Final year ni mo wà, mi ò ní dárúkọ yunifásítì. Pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí àwọn bakitéríà tó ń mú gàrí Ìjẹ̀bú kan. Èmi fúnra mi ni mo mú àkọlé yẹn wá torí ìyá mi ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìdí agbada ni wọ́n ti rówó tí wọ́n fi ń rán mi níléèwé, àtikékeré ló sì ti ń yà mí lẹ́nu pé tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán tí wọ́n dì í sápò tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, kó tó di ọjọ́ kẹrin òórùn ẹ̀ á ti yí padà pátápátá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sí i.

Mo bu sáńpù lójoojúmọ́ láti ọjọ́ kìíní dé ìkarùn-ún, mo fi sínú kúlà oníyìnyín, mo gbé e wọ mọ́tò dé láàbù. Mo gbìn wọ́n sórí MRS agar (oúnjẹ tí wọ́n fi ń gbin irú bakitéríà yìí), mo ṣa isolate méjìlá (bakitéríà tí mo yà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan) tí ìrísí wọn ò jọra. Mo yọ DNA wọn, mo wá fi primer 27F àti 1492R (DNA kúkúrú tó ń tọ́ka ibi tí wọ́n máa dà kọ) ṣe PCR 16S, ìyẹn ni pé mo ṣe ẹ̀dà jíìnì 16S wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, cycle (ìyípo) márùndínlógójì. Nǹkan bíi 1,500 bp (lẹ́tà DNA) ni mò ń retí.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wo jẹ́ẹ̀lì náà, èyí tó ń fi DNA hàn bí ìlà (bẹ́ńdì), àwa mẹ́fà la dáwó epo jẹnẹrétọ̀ torí kò síná látàárọ̀. Gbogbo ihò méjèèjìlá ló yọ bẹ́ńdì, ó mọ́ kedere ní 1,500, mo ti ń pariwo ayọ̀ kí n tó wo ihò tó gbẹ̀yìn. Ihò kẹtàlá yẹn, omi lásán ni mo fi síbẹ̀ dípò DNA, negative control ni. Òun náà yọ bẹ́ńdì. Kò tàn tó tàwọn yòókù, àmọ́ ó wà níbẹ̀, ibi tí tàwọn yòókù wà gan-an lòun náà wà. Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe lọ́jọ́ kejì, ó tún yọ.

Ẹnì kan tó ṣáájú mi ní láàbù ní kí n gé ihò yẹn kúrò nínú fọ́tò, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ta ló máa mọ̀. Difẹ́ǹsì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó sequencing (kíka lẹ́tà DNA ká lè mọ orúkọ bakitéríà) wà lọ́wọ́ mi, ìyá mi ló fi ránṣẹ́, mo sì mọ iye àpò gàrí tí wọ́n tà kó tó pé. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún supáfáísọ̀ mi. Kí ni kí n ṣe?

èrò_ṣàgámù:

Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Mi ò ní tàn ẹ́, èmi gé e nígbà tèmi. BSc ni, kì í ṣe pé o fẹ́ fi ṣe oògùn fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ńdì tìẹ ṣáà yọ, ó sì tàn ju ti omi lọ, ìyẹn ni pé DNA ẹ wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń rò fún ẹ ni àkókò, torí èmi fi odidi ọdún kan kún ti èèyàn nítorí ẹ̀rọ kan tó bà jẹ́ tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe, mo ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń lọ sìnrú ìlú tí èmi ṣì ń ti Ṣàgámù wọ mọ́tò lọ jókòó ti láàbù. Mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Jáde ná, wàá ṣe èyí tó dáa ní Master's.

àgbà_láàbù:

@èrò_ṣàgámù mo gbọ́ ọ, ohun tójú ẹ rí kò kéré. Àmọ́ mi ò lè bá ẹ fọwọ́ sí èyí, màá sì sọ ìdí tí mi ò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan máa mú un tàbí kò ní mú un.

Àbúrò, gbọ́. Gbogbo bakitéríà tó wà láyé ló ní 16S. Ìdí nìyẹn tí Carl Woese, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi lè fi irú RNA tí jíìnì yẹn ń ṣe to ìdílé ohun abẹ̀mí tuntun lọ́dún 1977, òun náà ló sì jẹ́ kí primer 27F àti 1492R lè mú bakitéríà tó o ò tiẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Primer yẹn ò mọ̀ pé gàrí lo ń wá. Tí ti inú omi bá wà níbẹ̀ á mú un, tí ti ọwọ́ ẹ bá wà níbẹ̀ á mú un. Kódà enzyme Taq tó o fi ṣe é, inú Thermus aquaticus tí wọ́n rí nínú omi gbígbóná Yellowstone ní Amẹ́ríkà ló ti wá níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ inú E. coli ni àwọn ilé iṣẹ́ ti ń pèsè ẹ̀ báyìí, DNA E. coli díẹ̀ sì lè ṣẹ́kù sínú ẹ̀. Wá wo cycle 35 tó o ṣe. Tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, ìlọ́po méjì ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ DNA kan ṣoṣo á di bílíọ̀nù 34. Nítorí náà kò gba kí ìdọ̀tí pọ̀ kó tó hàn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ èrò_ṣàgámù gan-an rèé. Ó ní bẹ́ńdì tìẹ tàn ju ti omi lọ, ìyẹn ni pé tìẹ wà níbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́jọ, kó má rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́rin. Àwọn bakitéríà tó ń mú gàrí kan, Gram-positive ni wọ́n, ara wọn yi, tó bá jẹ́ pé gbígbóná lásán lo fi yọ DNA wọn, àwọn kan ò ní fọ́ rárá. Irú èyí tí kò fọ́ yẹn, bẹ́ńdì tó o rí nínú ihò ẹ̀, ti omi ni! Báwo lo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tìẹ nínú méjìlá? O ò lè mọ̀ ọ́n. Jẹ́ẹ̀lì kò kọ orúkọ sára bẹ́ńdì. Tó o bá wá kó gbogbo ẹ̀ lọ fún sequencing, owó gàrí màmá ẹ lo máa fi ka orúkọ bakitéríà inú omi.

Lọ bá supáfáísọ̀ ẹ lọ́la, mú jẹ́ẹ̀lì méjèèjì dání, má gé nǹkan kan. Kó o tó lọ, ṣe èyí kó o lè ní nǹkan bá a sọ:

Tọ́jú túùbù márùn-ún, omi lásán ni kó o fi sí gbogbo wọn dípò DNA. Fi àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó o ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní ìkejì pààrọ̀ omi nìkan. Ní ìkẹta pààrọ̀ primer nìkan, bu tuntun látinú stock. Ní ìkẹrin buffer àti dNTP (èròjà PCR mìíràn), ní ìkarùn-ún Taq. Èyí tí bẹ́ńdì bá ti kúrò nínú ẹ̀, ohun tó o pààrọ̀ níbẹ̀ lọ̀daràn. Tó bá wá yọ nínú gbogbo ẹ̀, a jẹ́ pé orí tábìlì ni tàbí ọwọ́ ẹ, tàbí kó jẹ́ ohun méjì pọ̀.

Omi ni mò ń fura sí jù. Ṣé irú ìgò kan wà ní láàbù yín tí wọ́n fi téèpù kọ "sterile water" sí lára, tí gbogbo èèyàn ń ki pípẹ́ẹ̀tì bọ̀? Ẹ máa ń sọ pé a ti fi autoclave sè é. Autoclave máa pa bakitéríà lóòótọ́, àmọ́ òkú ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, DNA tó sì kù lára òkú yẹn tó fún PCR láti mú. Lọ sí kẹ́mísì, ra water for injection, èyí tó wà nínú ike kéékèèké tí wọ́n dì pa. Ṣí ọ̀kan, lò ó, jù ú nù, má dá a padà sí fíríìjì.

Fi jíìkì nu orí tábìlì àti ara pípẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n kan jíìkì sí mẹ́sàn-án omi, jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o tó fi omi tó mọ́ nù ún kúrò. Pípẹ́ẹ̀tì tó o fi ń ki nǹkan sínú jẹ́ẹ̀lì, má fi po PCR láé, torí ohun tó wà nídìí jẹ́ẹ̀lì ni DNA tó ti di bílíọ̀nù yẹn. Pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ tó o bá ti ìdí jẹ́ẹ̀lì dé. Kó o sì dín cycle ẹ kù sí 30, 35 ti pọ̀ jù fún isolate tó o gbìn fúnra ẹ, DNA kì í wọ́n nínú ẹ̀.

alágàrí_òdógbolú:

Ẹ kú ìjókòó o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, ó sì ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ fún mi. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí gàrí.

Ọ̀rọ̀ omi lásán tẹ́ ẹ ń sọ yìí, mo bi ọmọ mi pé kí ni wọ́n ń fi omi lásán ṣe nínú nǹkan tó gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, ó wá ṣàlàyé. Mo ní àṣé kọ́ńgò ni wọ́n ń dojú ẹ̀ dé. Tí mo bá fẹ́ wọn gàrí fún oníbàárà tí ò mọ̀ mí rí, màá dojú kọ́ńgò dé níwájú ẹ̀, màá gbá ìdí ẹ̀ pó-pó, kó lè rí i pé mi ò fi nǹkan sí nísàlẹ̀ àti pé wọn ò lù ú wọnú, torí àwọn kan ń lù ú. Ọmọ mi, tí ẹlòmíì bá ní kó o má dojú kọ́ńgò dé mọ́, o mọ irú ọjà tó ń tà.

Nǹkan kejì. O ní kò sẹ́ni tó da nǹkan sí i tó fi ń kan. Ṣé àpò tuntun ni ìyá ẹ fi dì í ni? Tí mo bá fi àpò tuntun di ẹ̀gẹ́, ọjọ́ márùn-ún lè pé kó má kan bó ṣe yẹ. Àpò tí mo ti ń lò bọ̀, tí mi ò kì í fi ọṣẹ fọ̀, tí mo kàn máa ń ṣàn tí mo sì sá sóòrùn, ọjọ́ mẹ́ta péré ti tó o. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n má fi ọṣẹ fọ àpò. Tó bá jẹ́ ohun tó ń mú gàrí kan lò ń wá, ara àpò ni kó o ti lọ wò ó.

Ẹ tún bá mi dáhùn ọ̀kan. Wọ́n ní gàrí tí wọn ò jẹ́ kó kan dáadáa máa ń ní májèlé ẹ̀gẹ́ nínú. Ṣé àwọn kòkòrò yìí ló ń bá wa pa májèlé náà?

àgbà_láàbù:

Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ kọ́ńgò yẹn, èmi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní PCR fún ìgbà pípẹ́, mi ò rí ẹni tó là á yé wọn báyìí rí, màá máa lò ó láti òní lọ.

Ní ti májèlé, rínrin yẹn gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní linamarin, ó tún ní enzyme tó lè fọ́ ọ, linamarase, àmọ́ wọn ò sí lójú kan náà nínú iṣu ẹ̀gẹ́. Tẹ́ ẹ bá rin ín wọ́n á pàdé ara wọn, cyanide á jáde, á bá omi tẹ́ ẹ fún lọ, èyí tó kù á bá ooru agbada lọ. Ọjọ́ tó fi wà nínú àpò ń fún enzyme yẹn láyè láti ṣiṣẹ́ ẹ̀ parí. Kíkan ni iṣẹ́ àwọn bakitéríà ní tiwọn, lactic acid ni wọ́n ń ṣe. Torí náà ẹni tó ń kánjú yan án lọ́jọ́ tó rin ín, ó ń gé àkókò yẹn kúrú ni, ẹ má gbà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ àpò yẹn náà, pírójẹ́ẹ̀tì odindi ni. Lọ́dún 1959, Collard àti Levi kọ ọ́ sínú Nature pé ìpele méjì ni kíkan gàrí, pé Corynebacterium, bakitéríà kan, ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí Geotrichum, irú èbu kan, tó bọ́ sí i. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá rí i pé lactic acid bacteria ló ń ṣe iṣẹ́ náà jù. Ẹ ò rí i pé kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé ni àwọn alágàrí ti ń tọ́jú àpò wọn.

ará_ìjẹ̀bú_ní_jámánì:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un torí ohun tójú mi rí. Nígbà tí mo wà nílé, mo fi isolate mẹ́jọ ránṣẹ́ fún sequencing láì wo negative control. Márùn-ún nínú ẹ̀ padà dé, Ralstonia ni. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí nídìí ohun tí mò ń ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn nípa ẹ̀ sínú discussion, mo ti kọ tó ojú ìwé méjì pé ó ṣeé ṣe kí ó wà lára oúnjẹ náà. Ọ̀gá kan ló kà á, ó bi mí pé omi wo ni mo lò. Inú omi àti ilẹ̀ ni Ralstonia ń gbé, ó wà lára àwọn tó máa ń bá èèyàn wọnú irú iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Mo pa ojú ìwé méjèèjì rẹ́. Owó ti lọ. Ọjọ́ tí mo pa á rẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ohun méjì fún ẹ, àbúrò, tó o bá ti wá dórí sequencing. Àkọ́kọ́, ní kí wọ́n bá ẹ kà á láti ìhà méjèèjì, torí Sanger (irú sequencing tí wọ́n máa bá ẹ ṣe) kì í sábà kà kọjá lẹ́tà 700 sí 900, tìẹ sì tó 1,500, ìhà kan ṣoṣo ò lè ká a. Èkejì, tí BLAST (ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi DNA ẹ wé àwọn tí wọ́n ti mọ̀) bá sọ pé Lactiplantibacillus plantarum ni (Lactobacillus plantarum ni wọ́n ń pè é títí di 2020, kó má ru ẹ́ lójú nínú ìwé àtijọ́), má sáré kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 16S plantarum, ti pentosus àti ti paraplantarum jọra débi pé kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. recA, jíìnì mìíràn, ni wọ́n fi ń yà wọ́n. Tówó ò bá sí fún recA, kọ ọ́ pé ọ̀kan lára ìdílé plantarum ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

èrò_ṣàgámù:

Mo ka gbogbo ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ńdì tó tàn náà lè má jẹ́ tèèyàn, mo rò pé kó ṣáà ti tàn ju ti omi lọ ló ṣe pàtàkì, bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn, mi ò sì béèrè. Mo ti lọ wo pírójẹ́ẹ̀tì tèmi lórí àpótí lálẹ́ àná, fọ́tò yẹn wà níbẹ̀, mo wò ó pẹ́.

Ohun tí mi ò tíì yí padà lórí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá a wá bó ṣe máa ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n má sọ pé kó ṣòótọ́ kí wọ́n wá fi ọdún kan san án fún un. Àbúrò, tó bá jẹ́ pé epo jẹnẹrétọ̀ ni ìṣòro, kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀, mi ò lówó púpọ̀ àmọ́ epo ọjọ́ méjì ò ní wọ́n mi.

ọmọ_ìjẹ̀bú_igbó:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, ìdí láàbù ni mo wà.

Mo ṣe túùbù márùn-ún yẹn. Èyí tí mo pààrọ̀ omi inú ẹ̀ nìkan ni kò yọ nǹkan kan, mẹ́rin yòókù ló yọ bẹ́ńdì. TE (omi èròjà tí wọ́n fi ń tọ́jú DNA) ni mo fi po primer mi níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe omi ìgò yẹn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ì bá tún ba ti ìkejì jẹ́. Ìgò náà wà lóòótọ́ o ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó ní téèpù lára, déètì tó wà lára ẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́rin. Mo gbé e sókè sí iná, mo rí nǹkan funfun kan bí ìkuukùu tó ń rìn nídìí ẹ̀. Àwa tá a ń lò ó ò dín ní mẹ́wàá.

Mo kó jẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá supáfáísọ̀ mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n wò ó títí, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n wá ní ta ló kọ́ mi ní ti túùbù márùn-ún, mo ní àwọn àgbà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ní kí n da omi ìgò yẹn nù níṣojú gbogbo èèyàn, kí n sì sọ fún àwọn tó ń lò ó. Èyí tó le jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyẹn, torí àwọn mẹ́ta ti fi tiwọn ránṣẹ́ fún sequencing, ọ̀kan nínú wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo tún PCR àwọn isolate ṣe pẹ̀lú omi kẹ́mísì, cycle 30. Ihò omi mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ nínú méjìlá, méje péré ló yọ bẹ́ńdì. Márùn-ún yòókù, òfìfo. Bẹ́ẹ̀ márùn-ún yìí wà lára àwọn tó tàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn! Ká ní mo gé fọ́tò yẹn, màá ti sanwó lórí wọn. Gbígbóná lásán ni mo fi yọ DNA wọn lóòótọ́. Mo ti rí lysozyme (enzyme tó ń fọ́ ara bakitéríà) díẹ̀ yá ní láàbù kejì. Ẹ̀gbọ́n, wákàtí kan ni kí n fi wọ́n sínú ẹ̀ àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú? Méje yẹn ni supáfáísọ̀ mi ní kí n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, wọ́n ní tí márùn-ún yẹn ò bá jáde kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí jẹ́ẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ náà wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú àlàyé omi. Difẹ́ǹsì ò yẹ̀.

@èrò_ṣàgámù ẹ ṣé fún epo, mo ti kọ̀wé sí yín.

Màmá Òdógbolú, mo bi ìyá mi ní ọ̀rọ̀ àpò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń fi ọṣẹ fọ àpò gàrí. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá wọn gbé àpò yẹn, mi ò bi wọ́n rí. Ṣé mo lè wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé, kí n wá fi òwú nu ara àpò tiyín náà?

àgbà_láàbù:

Wákàtí kan ní 37°C ti tó, kó o máa mì ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá tíì fọ́, fi kún un dé wákàtí méjì kó o tó ronú mọ́jú. Ẹni tó ń bínú yẹn, bá a gbé ike omi kẹ́mísì kan lọ, kó o sì bá a jókòó tún tiẹ̀ ṣe.

alágàrí_òdógbolú:

Máa bọ̀ ọmọ mi. Tètè dé kí oòrùn tó mú, torí aago méje la máa ń tú àpò. Màá gbé méjì sílẹ̀ dè ẹ́, èyí tó ti pẹ́ àti tuntun tí a ò tíì fi di nǹkan kan rí, kó o lè nu méjèèjì.